Ara Ò Jọra: Bí Àwọn Oníṣègùn Íńdíà Ṣe Ń Wo Èèyàn Kí Wọ́n Tó Wo Àìsàn

 

Nínú ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ewé tí a fi ń wẹ egbò ni màá sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ forí jì mí, ìyẹn á ní sùúrù. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa tó mú mi kàwé bí ọmọ ilé-ìwé fún oṣù mẹ́ta gbáko, mo sì ti rí i pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni irú rẹ̀ ti ń wọlé.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ó pè mí. Lẹ́yìn tó kí mi tán, ó ní, “Bàbá, mo ti wá mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Fátà ni mí.”

Mo ní, “Kí ló ń jẹ́ fátà? Ṣé ẹgbẹ́ lo tún wọ̀ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá o, irú ara òun ni. Ó ní àwọn ará Íńdíà ti mọ̀ láti ayébáyé pé irú ara mẹ́ta ló wà, pé òun dáhùn ogún ìbéèrè lórí fóònù òun, fóònù sì sọ pé fátà lòun. Ìdí nìyẹn tí òun kì í fi í sùn dáadáa, tí ìgbẹ́ òun fi ń gbẹ, tí ọwọ́ òun fi ń tutù. Ó ti ra oògùn oníhóró kan lọ́wọ́ obìnrin kan ní àdúgbò tí àwọn ará Íńdíà pọ̀ sí. Ó ní ewé lásán ni, kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: inú mi dùn. Ọmọ tó jẹ́ pé tí a bá fún un ní àgbo nígbà tó wà ní kékeré, ìdí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé ló máa ń dà á sí, òun ló wá ń sọ fún mi pé ewé dára. Mi ò bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí n bi í. A máa dé ibẹ̀.

Mo ní kó fi ìwé tó bá rí nípa ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi. Ó fi méjì ránṣẹ́. Girama tí mo kà láyé ijọ́un ni mo fi tú Gẹ̀ẹ́sì inú wọn, díkíṣọ́nárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí fóònù sọ fún un lọ, ó sì yàtọ̀ sí i.

Orúkọ ìṣègùn náà ni Àyúfẹ́dà. Èdè Sáńsíkírítì ni, èdè àtijọ́ àwọn ará Íńdíà. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀, ìyè àti ìmọ̀: ìmọ̀ nípa ìyè. Ìwé ńlá mẹ́ta ló dúró lé. Ọ̀kan ni ti Charaka, tó sọ̀rọ̀ jù lórí oògùn àti oúnjẹ. Èkejì ni ti Sushruta, tó sọ̀rọ̀ jù lórí iṣẹ́ abẹ, títí kan bí wọ́n ṣe ń fi awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe imú tuntun fún ẹni tí wọ́n gé nímú. Ẹ̀kẹta ni ti Vagbhata, tó kó ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ẹsẹ ewì, kí ọmọ ẹ̀kọ́ lè há a sórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó ti Ifá rí mọ ohun tí ìyẹn ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn.

Lóde òní, kì í ṣe nǹkan ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ oníṣègùn Àyúfẹ́dà ní Íńdíà gbọ́dọ̀ kàwé fún ọdún márùn-ún àbọ̀, ọdún kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ nílé ìwòsàn. Lọ́dún 2014, ìjọba wọn dá ilé-iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ tó jẹ́ ti ìṣègùn ìbílẹ̀, tó ní mínísítà tirẹ̀. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ibùdó rẹ̀ fún ìṣègùn ìbílẹ̀ gbogbo ayé sí Jamnagar, ní ìpínlẹ̀ Gujarat. Mo kà á, mo mí kanlẹ̀. Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ nìyí. Nǹkan márùn-ún ló para pọ̀ di ohun gbogbo láyé: òfuurufú, afẹ́fẹ́, iná, omi àti ilẹ̀. Nínú ara èèyàn, àwọn márùn-ún yìí so pọ̀ di agbára mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní dóṣà. Òfuurufú àti afẹ́fẹ́ di fátà. Iná pẹ̀lú omi díẹ̀ di pítà. Omi àti ilẹ̀ di káfà. (Àwa ò ní lẹ́tà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fátà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, bó ṣe rọ̀ mí lẹ́nu ni mo ṣe kọ ọ́.)

Fátà ló ń mú nǹkan rìn: èémí, ẹ̀jẹ̀, ìrònú, ìgbẹ́ àti ìtọ̀. Pítà ló ń se nǹkan: oúnjẹ tó wà nínú, ooru ara, ìríran ojú, àwọ̀ ara. Káfà ló ń di nǹkan mú: ó ń fi ọ̀rá sí oríkèé kó má baà há, ó ń fún ara lágbára, ó ń mú kí ọkàn balẹ̀. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ ìdodo ni fátà fi ṣe ibùjókòó, pítà wà láàárín ìdodo sí oókan àyà, káfà wà láti àyà lọ sókè.

Ibi tí ọmọ wa ti kọ́kọ́ ṣì í gbọ́ nìyí. Kò sí ẹni tó jẹ́ fátà nìkan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lára gbogbo wa. Tí ọ̀kan bá tán pátá, ẹni náà ti kú. Ìwọ̀n tí olúkúlùkù fi ní wọn ni kò dọ́gba. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ń pè ní pàkírítì. Wọ́n ní láti ìgbà tí oyún ti dúró ló ti wà, láti ara bàbá àti ìyá, láti inú ohun tí ìyá ń jẹ, àti àsìkò ọdún tí oyún dé, kì í sì í yí padà títí ọjọ́ ikú. Irú méje ni wọ́n kà. Mẹ́ta ni ti ẹni tí ọ̀kan borí lára rẹ̀, mẹ́ta ni ti ẹni tí méjì borí, ìkeje ni ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba lára rẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ n ṣàpèjúwe wọn, ẹ ó rí ará ilé yín níbẹ̀.

Ẹni tí fátà borí lára rẹ̀ máa ń rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Awọ rẹ̀ gbẹ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, oríkèé rẹ̀ ń ró tó bá ń dìde. Ó ń yára sọ̀rọ̀, ó ń yára rìn, ó ń yára gbọ́, ó sì ń yára gbàgbé. Lónìí yóò jẹun bí ẹni tó ti oko dé, lọ́la kò ní rántí oúnjẹ. Oorun rẹ̀ fúyẹ́. Bí ológbò bá kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti jí. Ìpayà kì í jìnnà sí i.

Ẹni tí pítà borí lára rẹ̀ kò tóbi, kò sì kéré. Ara rẹ̀ máa ń gbóná, ó máa ń làágùn, irun rẹ̀ tètè ń hewú tàbí kó pá. Ọpọlọ rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ náà mú. Bí ebi bá ń pa á, ẹ má bá a dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ibi yìí ni mo ń kà sókè lọ́jọ́ kan tí ìyàwó mi àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Wọ́n mà mọ̀ yín ní Íńdíà.”

Ẹni tí káfà borí lára rẹ̀ rí sìgbọnlẹ̀, egungun rẹ̀ nípọn, irun rẹ̀ pọ̀, awọ rẹ̀ ń dán. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, inú kì í tètè bí i. Ó máa ń pẹ́ kó tó mọ nǹkan, àmọ́ ohun tó bá ti mọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Oorun rẹ̀ wúwo. Ó lè fo oúnjẹ kan kó má sì ṣe é ní nǹkan kan, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti àyà dídí ni wàhálà tirẹ̀.

Àwọn ìwé àtijọ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ bò: wọ́n ní ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba lára rẹ̀ ló sàn jù, nínú àwọn tó kù káfà ló ṣáájú, fátà ló gbẹ̀yìn. Àwọn tó ń ta oògùn lónìí kì í sọ ìyẹn fún oníbàárà.

Kì í ṣe ara nìkan o. Wọ́n ní ìgbà ọmọdé jẹ́ ti káfà, ẹ wo bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe máa ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu. Ìgbà àgbà jẹ́ ti pítà. Ìgbà ogbó jẹ́ ti fátà, nígbà tí ara ń gbẹ, tí oorun ń sá, tí oríkèé ń dun èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kan ṣoṣo: òwúrọ̀ ti káfà, ọ̀sán gangan ti pítà, ọjọ́rọ̀ ti fátà, òru náà sì pín bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní oúnjẹ ńlá kí ó jẹ́ ti ọ̀sán.

Mo gbé ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ó rán mi létí ohun kan tí mi ò sọ rí nínú ìwé wa yìí. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ọkùnrin méjì wá sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ kan náà. Àwọn méjèèjì ní jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ àwọn lẹ́nu, ìgbẹ́ kò ya. Ọ̀kan jẹ́ awakọ̀, kò tíì pé ogójì ọdún, ó sanra, ó ń jẹ, ó ń mu. Èkejì jẹ́ àgbẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin, ó gbẹ bí igi ìdáná. Àgbo kan náà ni mo sè fún wọn, ife kan náà ni mo ní kí wọ́n máa mu. Awakọ̀ padà wá dúpẹ́, ó mú adìyẹ wá. Bàbá àgbẹ̀ ṣu títí ojú rẹ̀ fi jìn sínú. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ méjì. Kò kú, kò sì bá mi jà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè ọjọ́ orí kí n tó po nǹkankan. Ọjọ́ orí nìkan ni mo fi kún un o, mo rò pé ó tó.

Inú ìwé àwọn ará Íńdíà ni mo ti wá rí ìyókù. Wọ́n ní arúgbó ti wọ ìgbà fátà, ara rẹ̀ ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀, nítorí náà wọn kì í fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ líle. Òróró díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, oúnjẹ rírọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá sí, ìyẹn ni tirẹ̀. Àìsàn kan náà, ìtọ́jú ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń yẹ aláìsàn wò: wọ́n á wò ó, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á bi í léèrè. Charaka ka nǹkan mẹ́wàá tí oníṣègùn gbọ́dọ̀ mọ̀: irú ara tí wọ́n bí ẹni náà mọ́, ohun tó ti yẹ̀ lára rẹ̀ báyìí, bí ẹran ara rẹ̀ ṣe dára tó, bí ara rẹ̀ ṣe le tó, bó ṣe ga tó sí bó ṣe fẹ̀, oúnjẹ tó ti mọ́ ọn lára, bí ọkàn rẹ̀ ṣe lágbára sí, bó ṣe lè jẹun kó sì dà, bó ṣe lè ṣiṣẹ́ tó, àti ọjọ́ orí. Ẹ kà á dáadáa. Àìsàn gan-an, ẹyọ kan ni nínú mẹ́wàá.

Nígbà tó yá, wọ́n fi wíwo iṣan ọrùn ọwọ́ kún un. Ìka mẹ́ta ni wọ́n ń gbé lé e, ọwọ́ ọ̀tún fún ọkùnrin, ọwọ́ òsì fún obìnrin. Wọ́n ní tí fátà bá ru, iṣan á máa wọ́ bí ejò. Tó bá jẹ́ pítà, á máa fò bí àkèré. Tó bá jẹ́ káfà, á máa lọ jẹ́jẹ́ bí ẹyẹ ńlá tó ń lúwẹ̀ẹ́ lórí omi. Mo dán an wò lára àwọn ọmọ ilé. Nǹkan kan náà ni mo gbọ́ lára gbogbo wọn.

Nínú gbogbo rẹ̀, iná inú ni wọ́n kà sí jù. Ágínì ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi wé àdògán. Iná kan wà tó ń jó bó ṣe yẹ. Ti fátà ń jó lónìí, ó ń kú lọ́la. Ti pítà ń jó títí ó fi ń jó ìdí ìkòkò. Ti káfà ń rú èéfín, ọbẹ̀ ò hó. Oúnjẹ tí iná yìí kò sè jinná a máa di nǹkan kan tó ń lẹ̀ mọ́ inú ara, tí wọ́n ń pè ní ámà, ibẹ̀ ni wọ́n ní ọ̀pọ̀ àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kí wọ́n tó fúnni ní oògùn alágbára, wọ́n á kọ́kọ́ tún iná dá: atalẹ̀, ata, omi gbígbóná, kí ebi sì pa èèyàn díẹ̀. Charaka ní kí á pín ikùn sí mẹ́ta, ká fi ìdá kan jẹ oúnjẹ líle, ká fi ìdá kan mu nǹkan olómi, ká fi ìdá kan sílẹ̀ lófìfo. Mo rántí àṣè ọdún wa, mo rẹ́rìn-ín.

Adùn mẹ́fà ni wọ́n mọ̀: dídùn, kíkan, iyọ̀, ata, ìkorò, àti èyí tó ń fún ẹnu pọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Dídùn, kíkan àti iyọ̀ ń rọ fátà lójú, wọ́n sì ń gbé káfà sókè. Dídùn, ìkorò àti afúnnupọ̀ ń tu pítà. Ata, ìkorò àti afúnnupọ̀ ń gbẹ káfà. Bí a bá mọ èyí, a ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń fún ẹnìkan ní oúnjẹ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Fún fátà, òróró ni olórí ìtọ́jú, pàápàá òróró yánmọtí, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní rìdí. Fún pítà, bọ́tà wàrà màlúù tí wọ́n yọ́ títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ. Fún káfà, oyin. Oyin yìí, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé e ka iná.

Igi dógóyárò tó wà lójúde ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ̀gbẹ́ Íńdíà ló ti wá. Lọ́dọ̀ wọn, ìkorò rẹ̀ jẹ́ ohun tútù tó ń gbẹni. Ó dára fún ẹni tí pítà tàbí káfà ru sí, ẹni tí awọ ara rẹ̀ pọ́n tó ń yún un. Ẹni tó rù, tó gbẹ, tó ń gbọ̀n, wọ́n ń ṣọ́ ọ lára rẹ̀. Àwa ńkọ́? Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti gbóná, ìkòkò kan náà ni.

Òjò tó ń rọ̀ yìí náà ní tirẹ̀. Wọ́n ní ìgbà òjò ni fátà máa ń ru, tí iná inú máa ń rẹlẹ̀. Ní Kerala, ní gúúsù Íńdíà, láàárín oṣù Júláì sí àárín Ọ́gọ́ọ̀sì, tí òjò ńlá wọn ń rọ̀, ni àwọn èèyàn máa ń lọ gba ìtọ́jú ara. Wọ́n á fi òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa wọ́n lára, wọ́n á máa mu ìrẹsì olómi tí wọ́n fi ewé àti gbòǹgbò sè. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtọ́jú tó lókìkí níbẹ̀, èyí tó wà ní Kottakkal, ọdún 1902 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ á padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ wa.

Ó lo oògùn náà fún oṣù márùn-ún. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Ìgbẹ́ tó ń gbẹ tẹ́lẹ̀ wá dúró pátápátá, ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún. Ó ń rẹ̀ ẹ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Ó padà sórí fóònù, fóònù ní fátà rẹ̀ ló ru sí i. Ló bá fi hóró kan kún hóró tó ń lò.

Ìyá rẹ̀ ló sunkún pè mí. Mo pe ọmọ náà lóru ọjọ́ yẹn. Mo ní, “Ta ló po oògùn yẹn?”

Ó ní, “Bàbá, mi ò mọ̀ o. Wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.”

“Ewé wo ló wà níbẹ̀?”

“Wọn ò kọ ọ́.”

Ìbéèrè méjì yìí ni mi ò bi í nígbà tí inú mi ń dùn. Mo ní kó gbé ìgò náà dání kó máa lọ sí ọsibítù láàárọ̀ ọ̀la, kó má fi nǹkankan pamọ́ fún dókítà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Òjé ló wà níbẹ̀. Wọ́n yẹ oògùn náà wò, òjé ló kún inú rẹ̀.

Òjé kan náà tí àwọn ọlọ́bàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ ni mò ń wí. Ọwọ́ ni wọ́n ń fi sí, ẹnikẹ́ni kì í lọ̀ ọ́ mu. Ní Íńdíà, ẹ̀ka kan wà nínú Àyúfẹ́dà tó ń lo irin: mákúrì, òjé, bàbà, wúrà. Wọ́n á fi iná sun ún léraléra pẹ̀lú oje ewé títí tó fi máa di eérú, wọ́n sì gbà pé oró rẹ̀ ti kúrò. Àwọn tó ń yẹ oògùn wò ti rí i pé kì í fìgbà gbogbo kúrò. Lọ́dún 2003, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ra irú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ 70 ní àwọn ṣọ́ọ̀bù àgbègbè Boston. Mẹ́rìnlá nínú wọn ló ní òjé, mákúrì tàbí ásẹ́níìkì nínú. Àwọn tó rà wọ́n rò pé ewé ni àwọn ń mu.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ yìí ti ṣègbéyàwó, ó ń wojú Olódùmarè fún oyún. Òjé a máa sá pamọ́ sínú egungun, ó sì lè ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ inú. Àwọn dókítà ní kó dúró ná. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń fa òjé jáde kúrò lára.

Mo sọ ọ̀rọ̀ kan fún un lẹ́yìn tí ara rẹ̀ balẹ̀, ohun tí mo sì rí nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ ni. Mo mọ ọmọ yìí láti ìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ ńlá ni, irun rẹ̀ dí, tó bá sùn, àrá ò lè jí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi orúkọ Íńdíà pè é, káfà ni màá ní ó jẹ́. Àìsùn àti ọwọ́ tútù, ọdún méjì péré ni wọ́n tíì pẹ́ lára rẹ̀. Àwọn tó ni ìmọ̀ náà yà á sọ́tọ̀: irú ara tí wọ́n bí èèyàn mọ́ ní orúkọ tirẹ̀, ohun tó yẹ̀ lára rẹ̀ ní orúkọ ọ̀tọ̀. Fóònù béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí lónìí, ó sì pe ìdáhùn yẹn ní àbímọ́. Bó bá jẹ́ oníṣègùn gidi ló rí, yóò bi í pé, “Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn?” Ọdún méjì sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń jẹ búrẹ́dì tútù lórí ìdúró. Dókítà náà ní ohun tirẹ̀ láti wò níbẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó àti àìsàn gẹ̀gẹ̀ lè mú ọwọ́ tutù, kí wọ́n sì mú ìgbẹ́ gbẹ.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kórìíra ìmọ̀ àwọn ará Íńdíà. Jíjẹ oúnjẹ gbígbóná lásìkò, fífi òróró pa ara, sísùn lóru, fífi àyè sílẹ̀ nínú ikùn, ta nìyẹn máa pa? Àmọ́ kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fi fátà han ẹnikẹ́ni. Ojú àti etí oníṣègùn ló ń lò, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni oníṣègùn méjì kì í fẹnu kò lórí ẹnìkan. Tí ẹ bá rí àgúnmu tàbí hóró tí wọn ò kọ orúkọ ẹni tó ṣe é àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, ìbáà wá láti Íńdíà, ìbáà wá láti ọjà tó wà lẹ́yìn ilé yín, ẹ má fi sẹ́nu. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà kó má dá a dúró nítorí pé fóònù pè é ní pítà. Aboyún, ẹ jọ̀ọ́, kó má tilẹ̀ dán an wò.

Ẹnìkan nínú àwọn òǹkàwé wa ti bi mí bóyá pítà ni Ṣàngó, kí fátà jẹ́ ti Ọya, kí káfà jẹ́ ti Ọbàtálá. Rárá o. Àwọn ará Íńdíà ò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn bàbá wa náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù jókòó sílé rẹ̀.

Ọmọ wa ti fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, ó ti ń ṣe ti ọ̀sán. Ó ń se ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀, ó sì ń sùn. Òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ fún un bóyá ó lè máa retí oyún. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìwúre yín.

Ọ̀rọ̀ ewé tí a fi ń wẹ egbò ń bọ̀ nínú ìwé wa mìíràn.